Mi Ò Kú fún Ààrẹ Mọ́

Ní kíláàsì wa, ọkùnrin kan wà tí pípa mí ti mọ́ lára. Kì í ṣe pé ó ń gbé ọ̀bẹ tàbí ìbọn. Ẹnu ló fi ń pa mí. A ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síwájú láti ṣeré, n kò tíì la ẹnu, òun á ti sọ fún gbogbo ayé pé ìyàwó òun yadi látàná, ó parí nìyẹn, mo ti di odi. Lọ́jọ́ mìíràn mo di arúgbó tí etí rẹ̀ ti di. Lọ́jọ́ mìíràn mo ti sùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ jí mi. Bí inú rẹ̀ bá wá dùn tán, á kàn ní mo ti kú. Èmi á sùn gbalaja sílẹ̀, òun á máa sọ̀rọ̀ lórí mi títí agogo á fi lù.

Ààrẹ là ń pè é, nítorí ohùn rẹ̀. Bó bá ní kí ẹ fún òun lómi mu, ẹ ó rò pé orílẹ̀-èdè ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ga, aṣọ máa ń bá a lára mu, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. N kò ní purọ́, n kò fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, n kò sì tíì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ pé irọ́ ni, mi ò kú. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ wa ni kò jẹ́. Yàrá kan lókè ilé àwọn atẹ̀wé ni ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún: ilẹ̀ onípákó, pèpéle kékeré kan níwájú, tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, àti òórùn tàdáwà tó ń gòkè wá bá wa láti ìsàlẹ̀. Olùkọ́ wa jẹ́ obìnrin kúkúrú tó ti ń ṣeré láti kékeré. Màmá Gbà-á là ń pè é, nítorí "gbà á" ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù lọ. Kò fún wa ní ìwé eré kankan rí. Eré ojú-ẹsẹ̀ ló ń kọ́ wa. Ẹni méjì á bọ́ síwájú, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnìkejì fẹ́ sọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ti di òótọ́. Bó bá ní òjò ń rọ̀, òjò ń rọ̀ nìyẹn, tètè wá ibi tí wàá sá sí. O ò gbọdọ̀ já a nírọ́. Ṣe ni wàá gbà á, wàá wá fi tìrẹ lé e. Ẹni tó bá ní "rárá" ti ba eré jẹ́, á sì lọ jókòó.

Òfin kejì ni pé ohun tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ti eré ni. Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ kan tí à ń ṣe eré ìgbéyàwó, tí ọkọ ìyàwó ò tíì dé, tí ọkùnrin tó ń ka mítà iná sì ṣílẹ̀kùn wọlé tòun ti báàgì lọ́rùn. Gbogbo wa wo olùkọ́ wa. Màmá Gbà-á ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní ká gbà á. Ni mo bá sáré lọ di ọkùnrin náà lọ́wọ́ mú, mo ní olówó orí mi, ibo lẹ wà látàárọ̀ tí ojú fi ń tì mí? Ọkùnrin náà wò mí, ó wo àwọn tó kù, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n má bínú, ọkọ̀ ló bà jẹ́ lọ́nà. Ẹni tí kò kọ́ eré rí láyé rẹ̀! A ṣe ìgbéyàwó náà parí kó tó lọ ka mítà.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun lónìí. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n máa ń rò pé ẹni tó ń ṣeré láìsí ìwé, ohunkóhun tó bá ti wá sí i lẹ́nu ló ń sọ. Wọn ò mọ nǹkan kan. Etí la fi ń ṣe é. Láti ìgbà náà, mo ti wà lórí ìtàgé tí iná lọ pátápátá, mo ti wà níbẹ̀ tí ẹnìkejì mi gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó kàn ń wò mí bọ̀ọ̀, ilẹ̀kùn tó yẹ kó ṣí ti kọ̀ fún mi rí, mo sì gba ojú fèrèsé jáde bí ẹni pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù. Ẹni tí wọ́n ti pa tó bẹ́ẹ̀ yẹn, kí ló tún kù?

Àmọ́ nígbà náà, inú ń bí mi. Mo lọ bá Màmá Gbà-á lẹ́yìn kíláàsì, mo ro ẹjọ́ mi láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Mo ní Ààrẹ ń fi òfin rẹ́ mi jẹ. Mo ní òun ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, ohun tó bá sì sọ kì í jẹ́ kí n lè sọ nǹkan kan mọ́. Obìnrin náà gbọ́ mi jálẹ̀, ó ń nu tábìlì lọ, ó wá ní kí n gbà á. N kò kí i pé ó dàárọ̀ kí n tó lọ. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan, Ààrẹ tún sin mí.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń ká mi lára ni pé ìdánwò ń bọ̀. Lọ́dọọdún, tíátà ńlá tó wà nígboro máa ń mú ẹnì kan ṣoṣo nínú kíláàsì wa. Ẹni náà á di òṣèré wọn, á máa gbowó oṣù, orúkọ rẹ̀ á wà lára ògiri níta. Àwọn tó kù á lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ní tèmi, nǹkan mìíràn náà ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè mí. Iléeṣẹ́ omi ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, wọ́n sì ti bẹ ọ̀gá wọn kí ó fi àga kan pamọ́ fún mi níwájú, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń wá jà nítorí omi tí kò yọ. Àdéhùn wa ni pé bí tíátà ńlá ò bá mú mi, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni màá bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbà. N kò ní ohun tí mo fẹ́ fi bá wọn jiyàn. Bàbá mi nìkan ló tọ́ mi dàgbà. Màmá mi kú nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣubú ní pálọ̀ ní ọ̀sán gangan, bàbá mi ló sì wọlé bá wọn nílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi bàbá mi pé kí ni mò ń ṣe, wọ́n á ní mo ṣì ń kàwé. Wọn ò lè la ẹnu wọn kí wọ́n sọ pé òṣèré ni ọmọ àwọn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn òbí wá wo ìdánwò wa, mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ní àwọn á wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátápátá ni àwọn á jókòó sí.

Lọ́jọ́ náà, yàrá kún. Àwọn atẹ̀wé pàápàá gòkè wá, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà tàwọn ti ọwọ́ dúdú. Olùdarí tíátà ńlá jókòó síwájú, ó gbé awò ojú rẹ̀ sórí, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó tó kóun fi wò. Ó ti ní kí Màmá Gbà-á má sọ̀rọ̀ rárá títí àwọn á fi parí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan àwọn tó máa bá ara wọn ṣeré. Ó wò mí, ó wo Ààrẹ, ó ní kí ẹni gíga àti ẹni kúkúrú bọ́ síwájú.

Mo ti múra. Mo ti pinnu pé bí agogo bá ti lù báyìí, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Agogo lù. Mo fa èémí sínú, ìwọ̀nba èémí yẹn náà ló kó bá mi, nítorí Ààrẹ ò mí ní tirẹ̀.

"Ìyá mi ti kú," ló wí.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kú. Mo ṣubú sí àárín pèpéle, mo na ọwọ́ kan síwájú, mo di ojú mi.

N kò ní fi ìkanra bà á jẹ́, Ààrẹ mọ ẹkún sun. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ẹkún ń bọ̀ lóòótọ́, omi ojú ń kán sí mi létí. Èmi náà sì ní bí n kò bá ní ohùn, ṣebí mo ní ara. Ó gbé ọwọ́ mi kó gbé e sí àyà, mo jẹ́ kó bọ́ lulẹ̀. Ó gbá mi mú kó gbé mi nílẹ̀, mo dẹ gbogbo ara sílẹ̀, mo wúwo, orí mi yí sọ́dọ̀ àwọn èèyàn, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, àwọn mìíràn bá a dá sí i. Mo ń gbádùn ikú mi díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ Ààrẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó fi mí sílẹ̀, ó dìde, ó lọ sí etí pèpéle, ó kẹ̀yìn sí mi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìyá rẹ̀ fún àwọn tó jókòó. Òkú tí wọn ò fọwọ́ kàn mọ́, kí ló lè ṣe? Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, eruku ń wọ imú mi, mo ń gbọ́ bí ipò tíátà ńlá náà ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ tí olùdarí ní "hẹ̀n-ẹ́n" bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń wọ̀ lára. Ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún, n kò sì lè sun ún, nítorí òkú kì í sunkún.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró bàtà. Mo mọ bàtà náà. Ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, kò yára, kò dúró, ó gun pèpéle.

"Ta ló sọ pé ó kú?" Bàbá mi ni.

Ààrẹ yíjú padà. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi nìyí," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ò kú."

Kì í ṣe eré ni wọ́n ń ṣe. Mo mọ ohùn bàbá mi. Ó kù díẹ̀ kí n sọ sí wọn létí pé Dádì, ẹ fara balẹ̀, eré ni, kí ohun gbogbo sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ààrẹ ṣe ohun tí n kò rí i ṣe rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ jókòó sí," ó wí. "Ó ti kú."

Ó sọ pé rárá. Bàbá kan gba àárín èrò wọlé, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, Ààrẹ sì kọ̀ ọ́. N kò ronú. Bí mo bá ní mo ronú, irọ́ ni. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ìyá ẹni yìí ni mí, ọmọ ẹni yìí sì ni mí, kò sì sí èyí tí mo lè kọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Mo la ojú. Mo dìde jókòó, mo di ọwọ́ bàbá mi mú, mo wo Ààrẹ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ mi," mo ní, "bàbá tó bí mi nìyí. Ṣé bó o ṣe máa ń kí bàbá ìyá ẹ nìyẹn?"

Yàrá náà dàrú. Àwọn atẹ̀wé ń gbá ògiri, ìyá ọ̀kan nínú wa fi gèlè bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí Ààrẹ bá kí bàbá náà nígbà yẹn, bó bá tiẹ̀ kàn ní "ẹ káàbọ̀ sà", òun ni ì bá gba ipò náà lójú gbogbo wa, èmi ni ì bá kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Kò lè ṣe é. Ó yíjú sí olùdarí, ó ní kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ba eré òun jẹ́. Bàbá mi jókòó sórí àga kan tó wà lórí pèpéle.

"Ẹ má bínú, Dádì," mo ní. "Mo pẹ́ kí n tó jí."

Olùdarí lu tábìlì. Ó ní ẹ̀rín tó. Ó ní kí baba bọ́ síta, kí ọmọbìnrin padà sùn síbi tó sùn sí, kí eré máa lọ láti ibi tó dé kí wọ́n tó da á rú. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, bàbá mi ti dìde. Ẹni tó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ níwájú ọ̀gá, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dìde. Wọ́n ti ṣí fìlà, wọ́n ń bẹ ọkùnrin náà, ọkùnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Wọ́n wá sọ sí mi létí pé, "Sùn sílẹ̀, jọ̀ọ́. Má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ nítorí tèmi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo ikú tí Ààrẹ ti pa mí lọ.

"Dádì, ẹ jókòó," mo ní. Mo yíjú sí olùdarí. "Ọ̀gá, nínú yàrá yìí, ohun tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ti eré ni. Bàbá mi wọlé. Ẹ ò lè lé wọn."

Ó ní àwa ọmọ kíláàsì ni òfin yẹn wà fún. Ó ní ní tíátà tòun, ẹni tó wá wòran kì í dìde lórí àga. Ó wá fi sùúrù bi mí bóyá mo fẹ́ ipò náà tàbí n kò fẹ́. Mo ní mo fẹ́ ẹ. Mo ní mo fẹ́ ẹ débi pé oorun ò kùn mí mọ́. Ó ní ó dáa, kí n sùn sílẹ̀ nígbà náà.

"Mi ò ní kú fún Ààrẹ mọ́," mo wí, "mi ò sì ní lé bàbá mi síta nítorí iṣẹ́. Ẹ ti rí mi nígbà tí mo kú, ẹ sì ti rí mi nígbà tí mo jí. Tí èyí ò bá tó yín, mi ò ní òmíràn."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé akọni ni mí, ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo he bàtà mi kan tó bọ́, mo mú bàbá mi lọ́wọ́, a sọ̀ kalẹ̀. Màmá Gbà-á tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún wa fúnra rẹ̀, ó sì tẹrí ba fún bàbá mi.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn kí n lè wọ bàtà. A gbọ́ tí olùdarí sọ fún Ààrẹ pé kó máa bá a lọ, kí òun nìkan ṣe é. Ohùn rẹ̀ gòkè. Ó ní ìyá òun ti kú. Ó dákẹ́. Ó tún ní ìyá òun ti kú, ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, kò parí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Ṣé ó ti tán ni?" bàbá mi béèrè.

"Kò tíì tán, Dádì. Ó ń wá ẹni tó máa kú fún un ni."

A fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. A ti rìn jìnnà kí wọ́n tó bi mí pé ibo ni mo ti rí ọ̀rọ̀ bàbá ìyá yẹn. Mo ní kò síbì kankan, àwọn gan-an ni wọ́n gbé e wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mi orí. Nígbà tó yá, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, wọn ò wò mí.

"Bó o ṣe na ọwọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ẹ na tirẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú," ni wọ́n wí. "Lọ́jọ́ yẹn, mo sọ ọ́ pé kò kú, mo sọ ọ́ títí. Kò dá mi lóhùn."

Mo di apá wọn mú, a sì ń lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ kíláàsì wa kan wá sílé, ó ní Ààrẹ ni wọ́n mú. Mo kí i pé ó ṣeun tó wá sọ fún mi. Bó ṣe jáde, mo wọ yàrá, mo sunkún títí ojú mi fi wú, mo bú olùdarí, mo bú Ààrẹ, mo tiẹ̀ bú awò ojú tó wà lórí ọkùnrin yẹn. N kò kábàámọ̀ ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ipò yẹn, ó sì dùn mí pé wọn ò fún mi.

Àdéhùn ni àdéhùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo ti lọ̀, mo di irun mi bíi ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, mo jáde sí pálọ̀. Bàbá mi ti múra, wọ́n ń mu tíì. Wọ́n wò mí.

"Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn," ni wọ́n wí. "Mo ti lọ sọ fún ọ̀gá mi nílé wọn lánàá pé o ò wá mọ́. Mo ní òṣèré ni ọmọ mi, mo ní o ti ríṣẹ́."

Mo dúró. Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n mu tíì wọn tán.

"Iṣẹ́ wo, Dádì?"

Bàbá mi gbé fìlà wọn dé, wọ́n mú báàgì, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé èmi ni mo máa mọ̀ ọ́n?" ni wọ́n wí. "Jáde lọ wá a."